Ọwọ́ Inú Símẹ́ńtì

Ọkọ̀ àárọ̀ ni mo wọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ọjà Ọba. Àwọn oníbàárà mi ní orí mi ti dàrú: ta ló ń lọ walẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ ogbó? Mo ní kí wọ́n máa wí lọ. Yunifásítì kan ló ń wá àwọn tí yóò yọ̀ǹda ara wọn láti hú ilé ìlagi àtijọ́ kan tí igbó ti bò. Ibẹ̀ ni bàbá mi, Adédèjì, ti ṣiṣẹ́.

Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tí odò gbé òun àti gẹdú tó ń fà lọ. A kò rí òkú rẹ̀, kò sì sí fọ́tò rẹ̀ nílé. Ohun tó dun màmá mi jù ni pé èmi àkọ́bí kò rí sàréè bu yẹ̀pẹ̀ sí. Kí màmá tó kú, ó ní lọ́sẹ̀ tí wọ́n sọ mí lórúkọ, wọ́n ń da símẹ́ńtì sídìí ẹ̀rọ ìlagi, bàbá mi bá tẹ ọwọ́ rẹ̀ sí i, ó fi ìṣó kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni mo wá wò.

Precious, ọmọbìnrin tó ń darí wa, fi búrọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́.

“Mọ́mì, ẹ rọra. Ẹ má walẹ̀ bí ẹni ń kọ ebè.”

“Èmi tí mò ń ránṣọ? Ta ló kọ ebè rí?”

Nígbà tó yá, símẹ́ńtì náà yọjú. Mo gbá a títí orúkọ mi fi hàn: MONILOLA. Ọwọ́ náà wà lókè rẹ̀, ìka márààrún pé.

Láti kékeré, ọwọ́ òmìrán ni mo máa ń rò. Mo gbé tèmi, ọwọ́ ńlá tí mo jogún lára màmá mi, lé e. Tèmi ló tóbi jù. Bàbá mi kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún nígbà tó lọ. Mo bí ẹni tó jù ú lọ.

“Háà, bàbá mi, ọmọdé lẹ jẹ́!” Mo sunkún gan-an. Àárò bàbá ti ń sọ mí tipẹ́, ṣùgbọ́n àárò ọmọ kékeré yìí ló wá ń sọ mí báyìí.

Precious ya fọ́tò ọwọ́ náà fún mi. Ó wá rọra sọ pé a óò dá yẹ̀pẹ̀ padà lé e lórí kí òjò má bàa bà á jẹ́, pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àwọn tó di ṣọ́bìrì mú ti ń bọ̀.

“Ẹ dúró ná,” ni mo wí. Mo kúnlẹ̀, mo bu yẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́. “Èmi ni àkọ́bí.”

Wọ́n sún sẹ́yìn. Ìka rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ bò, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tó bo orúkọ mi.