Ẹ̀bùn Tó Ń Mu Ọ́ìlì

Ṣàkírátù fa géèjì ọ́ìlì yọ, ó fi àkísà nù ún, ó tì í bọ inú ẹ́ńjìnnì padà, ó tún fà á yọ. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré sẹ́yìn ló da lítà márùn-ún sínú jíìpù yìí, ó sì ti mu gbogbo rẹ̀ tán. Ó ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Ohun dúdú kan lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ bí èédú ìdí ìkòkò, òórùn rẹ̀ sì gba imú lọ tààrà sí ọ̀fun. Ó yíjú kúrò, ó tutọ́.

Jíìpù funfun ni, ìjókòó aláwọ, gíláàsì dúdú, irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà máa ń yà fún lójú títì. Ìta rẹ̀ ń dán. Inú rẹ̀ ti jẹrà.

"Ríìngì tó ń dá ọ́ìlì dúró nínú rẹ̀ ti jẹ tán, sà," ló sọ fún Alàgbà Adébùsóyè, agbaṣẹ́ṣe tó ni ọkọ̀ náà, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú agbádá funfun. "Àfi ká tú ẹ́ńjìnnì yìí palẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ẹ bá ṣe ń ra epo sí i ni ẹ ó máa ra ọ́ìlì sí i."

"Mi ò ní kí o tú u. Kó má rú èéfín títí di ìrọ̀lẹ́ òní ni mo wí. Fi ọ́ìlì líle yẹn sí i, èyí tí bàbá rẹ máa ń lò."

Ṣàkírátù mọ èyí tó ń wí. Ọ́ìlì kan ni tó ki bí oyin. Bí a bá dà á sínú ẹ́ńjìnnì tó ti gbó, èéfín á dáwọ́ dúró fún wákàtí díẹ̀, bí ẹni pé ara ọkọ̀ náà ti yá. Mùstàfá bàbá rẹ̀ ló fi hàn án. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Mùstàfá ti wá tẹ̀dó sí Ọ̀bà-Ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́. Ọdún kejì rèé tó ti kú, tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tòun ti àwọn oníbàárà. Nínú àwọn oníbàárà ọ̀hún, kò sí ẹni tó tó Adébùsóyè. Bó bá kó àwọn ọkọ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn, ṣọ́ọ̀bù náà á dá páropáro.

"Níbo lẹ ń gbé e lọ, sà?"

"Oǹdó. Tíṣà Adéyẹmí pé ọgọ́rin ọdún lónìí. Òun ló kọ́ mi ní ìwé mẹ́fà. Mo fẹ́ fi ta á lọ́rẹ."

Ṣàkírátù rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Jíìpù yìí, sà?"

"Èwo tún ni?" Adébùsóyè rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i, ọkọ̀ tí mo bá tà, ẹni tó rà á lè bú mi. Èyí tí mo bá fi tọrẹ, ta ló máa bú mi?"

Ó rí lára Ṣàkírátù bí ìgbà tí ènìyàn bu ọbẹ̀ tó ti kan sẹ́nu. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé agolo ọ́ìlì náà jáde, ó sì dà á sínú ẹ́ńjìnnì. Bó ṣe ń fà wálẹ̀ ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó bẹ òun níṣẹ́ ló lẹ̀bi, kì í ṣe òun.

"Wọlé ká lọ," ni Adébùsóyè wí. "Mú gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan àti ìyókù inú agolo yẹn dání. Mi ò fẹ́ kó dójú tì mí lọ́nà."

Òun fúnra rẹ̀ ló wà á. Títí wọ́n fi jáde ní Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ níwájú èrò ló ń tẹnu bọ̀: pé kò yẹ kí ẹni tó la ojú ọmọ ènìyàn máa fẹsẹ̀ rìn lọ́jọ́ ogbó. Ṣàkírátù ń wo ojú fèrèsé. Wọ́n ní bí oníhòòhò bá ní òun ó dá aṣọ fún ni, ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ṣùgbọ́n ẹni yìí kì í ṣe oníhòòhò. Aṣọ tuntun wà lọ́rùn rẹ̀. Ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣa àkísà jáde ni.

Nígbà tí wọ́n dé Ọ̀wẹnà, iná pupa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tí obìnrin kan ti ń sá kòkó sórí tapólì. Ṣàkírátù sọ̀ kalẹ̀, ó bu ọ́ìlì kún un. Bí Adébùsóyè ṣe ṣáná sí i báyìí, èéfín aláwọ̀ aró tú jáde nídìí rẹ̀, ó bo obìnrin náà àti kòkó rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Obìnrin náà ń húkọ́, ó ń fi gèlè lé èéfín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún síwájú. Bí kòkó bá ti gba òórùn báyìí, wọn kì í gbà á lọ́wọ́ wa mọ́."

Adébùsóyè tẹ bọ́tìnì, gíláàsì rẹ̀ rọra gòkè. Kò wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ṣàkírátù ti gálọ́ọ̀nù bọ ẹ̀yìn ìjókòó, ó wọlé.

Kí wọ́n tó wọ Oǹdó, ó tún bu ọ́ìlì sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì da ìyókù ọ́ìlì líle náà lé e lórí. Wọ́n dé Òkè-Lísà láìsí èéfín kankan.

Kánópì méjì ló wà níwájú ilé Tíṣà. Àwọn tí Tíṣà ti kọ́ níwèé rí kún ibẹ̀, orí àwọn mìíràn nínú wọn ti funfun. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà. Adébùsóyè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n níbi tó yẹ kó ti gbọ̀n. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé Tíṣà lọ́wọ́. Èrò pàtẹ́wọ́, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò. Monílọ́lá, ọmọ Tíṣà, ń sunkún ayọ̀.

Ọkùnrin kékeré ni Tíṣà, ó wọ súẹ́tà nínú oòrùn. Ó fi ọ̀pá rìn yí jíìpù náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó fa imú.

"Ta ló ń tọ́jú rẹ̀?" ló bi wọ́n.

"Ṣàkírátù nìyí, sà," ni Adébùsóyè wí. "Ọwọ́ rẹ̀ ló wà láti ọjọ́ yìí. Sọ fún Tíṣà."

Ṣàkírátù kúnlẹ̀, ó kí i. Tíṣà tẹ̀ síwájú díẹ̀, bí ẹni tí etí rẹ̀ kò já geere mọ́. "Ọmọ mi, ṣé ó dára?"

Láti Ọ̀wẹnà ni Ṣàkírátù ti ń to ìdáhùn rẹ̀ jọ. Ó dára, sà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó la ẹnu, òórùn ọ́ìlì jíjó yẹn sì tún kún un.

"Rárá, sà. Ọ́ìlì ló ń mu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bu ọ́ìlì sí i lónìí láàárín Àkúrẹ́ sí ibí. Ẹ ò rí èéfín nítorí pé mo da nǹkan sí i. Èmi ni mo dà á sí i, sà. Tó bá di ọ̀la, ẹ ó rí i."

Adébùsóyè rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn mẹ́káníìkì, wọ́n kúkú mọ bí a ṣe ń wá iṣẹ́ fún ara ẹni. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

Tíṣà na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Bùsóyè, gbé e padà lọ. Tí o bá tún un ṣe tán, mo wà níbí."

Ó sọ ọ́ bí ìgbà tó ń dá ìwé iṣẹ́ padà fún ọmọ ọdún mọ́kànlá tó jí iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ wò. Monílọ́lá nu ojú, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ.

Ìta ilé ni Adébùsóyè ti bá Ṣàkírátù. "O ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ mi mọ́ láyé," ló wí, jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn jíìpù. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni bàbá rẹ ṣe é fún mi. Kò fìgbà kan béèrè ibi tí mò ń gbé e lọ."

Ó wa ọkọ̀ lọ.

Ṣàkírátù rí takisí Àkúrẹ́ wọ̀ ní Yaba, nínú Oǹdó níbẹ̀. Irọ́ ni, ló ń wí nínú ara rẹ̀. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jáde nílùú, ó ti rántí ohun kan. Kò sí oníbàárà tí bàbá rẹ̀ kì í sìn dé etí títì. Á máa fọwọ́ darí ọkọ̀ títí yóò fi bọ́ sójú ọ̀nà, á dúró, á máa juwọ́. Àfi àwọn ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, bó bá ti fún ọlọ́kọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tán, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ń gbà lọ. Á lóṣòó, á ké sí Ṣàkírátù pé kó gbé bútà wá, á sì máa fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí dé ìgúnpá, bẹ́ẹ̀ ni àkókò ìrun kò tíì tó. Omi á tán, á ní kó tún pọn ọ́n wá.

Ìyá rẹ̀ máa ń fi yangàn fún àwọn aládùúgbò pé ọkọ òun fẹ́ràn ìrun púpọ̀. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀.

Takisí ń sáré. Ṣàkírátù fi orí ti gíláàsì, ó ń gbìyànjú láti rántí iye ìgbà tí òun ti pọn omi kún bútà náà.