Orúkọ Tí Wọ́n Kà Síta

Oṣù mẹ́rin ni Ernestine Pettway fi bẹ Janiyah, ọmọ ọmọ rẹ̀, kó tó gbà láti lọ rí obìnrin olùgbaninímọ̀ràn ní ilé ìwòsàn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Àyà rẹ̀ máa ń já ṣáá láìsí ẹni tó lé e, kò sì dé ilé ìwé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ Túsìdeè ni wọ́n dá fún un.

"Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ṣé o ti gbọ́ òfófó lẹ́nu mi rí ni?"

Kò rò pé òun purọ́. Lójú tirẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Ní ìjọ wọn ní ìlú Gary, ní Amẹ́ríkà, ẹni tí orúnkún bá ń dùn lásán, orúkọ rẹ̀ á wọ ìwé àwọn aláìsàn tí wọ́n ń kà síta lọ́jọ́ Ìsinmi. Ló bá pe Arábìnrin Odessa, akọ̀wé ìjọ.

"Kí ló ń ṣe é gan-an? Ká lè mọ ibi tá a máa dojú àdúrà kọ."

Ernestine sọ gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Janiyah fúnra rẹ̀ ló ní òun á bá a lọ. Inú ìyá àgbà dùn dẹ́yìn. Odessa dìde, ó gbé ìwé sójú.

"Ẹ rántí Janiyah Pettway, tí ìbẹ̀rù ti dè mọ́lẹ̀, tí kò lè lọ sílé ìwé mọ́."

"Jésù, ṣàánú o!" ni gbogbo ìjọ dáhùn, tọkàntọkàn. Àwọn ọmọbìnrin méjì láti kíláàsì rẹ̀ wojú ara wọn láàárín akọrin. Janiyah kò sunkún. Ó wo ìyá àgbà lẹ́ẹ̀kan, ó mú báàgì rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn délé.

Ní Túsìdeè, Ernestine kan ilẹ̀kùn yàrá Janiyah.

"Ọmọ mi, ó ti tó àkókò. Obìnrin yẹn ò ní sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún ẹnì kankan."

"Ẹ̀yin náà sọ bẹ́ẹ̀, Màmá àgbà."

Àkókò kọjá. Ilé ìwòsàn sọ pé kò sí àyè mìíràn àfi oṣù kẹsàn-án. Ernestine ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà náà nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ nínú yàrá. Òun ni Janiyah máa ń ké pè nígbàkígbà tó bá ti rí báyìí, kó wá di òun lọ́wọ́ mú. Ó dúró, ó ń retí kó pe òun. Kò pè é.