Ihò Lára Ejò Abìyẹ́

3.

…ni àwọ̀ ewé bá ya kúrò nínú ìpẹ́ kan ṣoṣo, ó gba ìrù ejò kọjá, ó wọ ìlú tí ejò náà gbé pọ̀n, ó bo ilé, ó bo afárá, ó bo ojú ọ̀run pátápátá. Ìpẹ́ kan péré ni ọmọbìnrin náà tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó lọgun. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn náà ló wá ń wá ibi tí àwọ̀ gbà jáde.

4.

ÀWỌN TÓ WÀ NÍBẸ̀

Ayàwòrán: ó ń fi gègé àti tàdáwà ya àwọn ẹranko tí kò sí láyé. Kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Kò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni.

Aláró: ọmọbìnrin àbúrò rẹ̀. Ó ń fi kọ̀ǹpútà kun àwọn ẹranko náà. Kò rí ìkòkò aró rí. Ayàwòrán ló fi orúkọ yẹn bú u, orúkọ sì mọ́ ọn lára.

Ìyàwó: ó ń bá Ayàwòrán gbé. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn náà.

Olóòtú: ó fẹ́ kí ìwé jáde.

5.

ALÁRÓ (àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù): Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ilà já lára ejò abìyẹ́. Àwọ̀ ń jò níbẹ̀. Ṣé kí n dí i?

AYÀWÒRÁN: Ilà mi kì í já.

ALÁRÓ: Ìpẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ìyẹ́ ni, Bàbá. Lápá òsì.

AYÀWÒRÁN: Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń ya ìpẹ́.

ALÁRÓ: Ẹ má bínú, sà.

AYÀWÒRÁN: Mo ti bínú.

6.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà fi yé e: ẹ̀rọ ń jẹ ilà rẹ̀. Ó ti fura tipẹ́. Ta ló máa gbé ohun tí ọwọ́ yà fún ohun tí kò lọ́wọ́, tí kò ní bù níbẹ̀ jẹ?

Ó fa ìwé tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ yà sí jáde. Ó gbé e sábẹ́ awò onírin rẹ̀, awò tó ń sọ èékánná di àwo oúnjẹ. Ó di ojú ọ̀tún bó ti máa ń ṣe láti ìgbà èwe, ó fi tòsì wò.

Ilà pé. Àwọn ìpẹ́ dì mọ́ra bí ọwọ́ ahun.

7.

Sí Olóòtú,

Ọmọ tí ẹ gbé iṣẹ́ mi fún ń pa ilà mi rẹ́, ó sì tún ń purọ́ mọ́ mi. Ẹ yọ ọ́. Ẹ má wò ó pé ọmọ àbúrò mi ni. Àbúrò mi gan-an, mi ò bá a sọ̀rọ̀.

8.

Bàbá, a ti rí ìwé yín. Ẹ̀sùn ńlá ni. A ó pè yín lọ́jọ́ Ẹtì. Tí ẹ bá tún fi ẹnu ara yín sọ ọ́, a ó yọ ọmọ náà, kò sì ní ríṣẹ́ gbà lọ́wọ́ wa mọ́ láé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó dáadáa.

9.

Ó ti rò ó.

10.

(Ìwé tó yẹ kó wà níbí kò sí. Ẹ má wá a.)

11.

ÌYÀWÓ: Kí ni mò ń wò?

AYÀWÒRÁN: Ìpẹ́ yẹn. Ṣé ó pé àbí kò pé?

ÌYÀWÓ: Kò pé.

AYÀWÒRÁN: Wò ó dáadáa.

ÌYÀWÓ: Mo wò ó dáadáa. Ihò wà níbẹ̀. Èèrà lè gba ibẹ̀ kọjá, kó tún pọn ọmọ.

AYÀWÒRÁN: Ìgbà wo lẹ ti jọ dìmọ̀ pọ̀?

ÌYÀWÓ: Èmi àti ta ni?

AYÀWÒRÁN: Ìwọ àti Aláró.

ÌYÀWÓ: Bàbá àwọn ọmọ, ọbẹ̀ mi wà lórí iná. Tí ẹ bá dá ẹjọ́ mi tán, ẹ pè mí kí n wá ṣẹ̀wọ̀n.

12.

Olóríkunkun ni ọkùnrin náà o, ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀. Tí inú bá ń bí i, ó máa ń fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ dé gbòǹgbò, kí ó lè bínú dáadáa.

Ó padà sídìí awò. Ojú òsì: ilà pé.

Ibẹ̀ ni sísín ti gbé e. Ó sín. Ojú méjèèjì là lẹ́ẹ̀kan náà.

                    Ihò.

Ó pa ojú òsì dé, ó fi ọ̀tún wò. Ihò. Ó pààrọ̀. Ilà pé. Ó pààrọ̀. Ihò. Ó pààrọ̀ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro ó, bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tan iná tí wọ́n ń pa á.

13.

OHUN TÍ OJÚ ÒSÌ GBÉ MÌ

Ìdérí ìgò tàdáwà.

Orí ìṣó tó wà lára ògiri.

Yẹtí ìyàwó, ẹyọ kan.

Orí ìyàwó. (Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ wá ń ti ara ògiri jáde.)

Ojú àbúrò rẹ̀ nínú fọ́tò ẹbí. Ojú àwọn tó kù dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ nídìí èyí.

14.

Kì í ṣe pé nǹkan ń pòórá ló yà á lẹ́nu. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ihò kankan kì í hàn. Níbi tí ìṣó wà, ògiri ló rí, ògiri gidi, tòun ti ìdọ̀tí ara rẹ̀. Ojú ń lẹ àbùlẹ̀ mọ́ ayé, àbùlẹ̀ náà ò sì ní ojú rírán.

Ojú tó dá ló ń sọ pé nǹkan fọ́. Ojú tó fọ́ ló ń sọ pé kò sí nǹkan kan.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ ojú wo.

15.

ILÉ ÌWÒSÀN OJÚ

Ojú ọ̀tún: ó dá.
Ojú òsì: àìsàn wà lẹ́yìn rẹ̀, láàrin gbùngbùn. A ò tíì mọ̀ bóyá ibi tó mọ ló máa dúró sí, tàbí yóò máa fẹ̀ sí i.
Àyẹ̀wò tó kàn: ọjọ́ Ajé. Ẹ mú ẹnì kan dání.
Ẹ má fi ojú òsì ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́ mọ́.

(Nísàlẹ̀, pẹ̀lú tàdáwà:) Kí ni kí n wá fi ṣe é? Imú?

16.

Ó fi ojú ọ̀tún ya ìpẹ́ kan. Ó rí bí ibi tí adìyẹ ti tan ilẹ̀.

17.

OLÓÒTÚ: Bàbá, ọjọ́ Ẹtì dé. Kí ni ká ṣe sọ́rọ̀ ọmọ yìí?

AYÀWÒRÁN: Mo ṣì ń bínú sí i.

OLÓÒTÚ: Ká yọ ọ́ nìyẹn?

(Ẹnì kan ń fọ abọ́ níbì kan nínú ilé. Abọ́ náà dákẹ́.)

AYÀWÒRÁN: Ṣé mo ní kí ẹ yọ ọ́? Ìbínú tèmi ni, èmi ni mo ni ín. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́.

OLÓÒTÚ: Ilà tó ń pa rẹ́ ńkọ́?

AYÀWÒRÁN: Kò pa á rẹ́.

OLÓÒTÚ: Ta wá ló pa á rẹ́?

AYÀWÒRÁN: Ẹ lọ tẹ ìwé yín.

18.

Àwòrán kan ló kù nínú ìwé náà. Ó fi ojú òsì wo ìlú tó wà lẹ́yìn ejò, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ya gbogbo ohun tó rí. Ó wá la ojú ọ̀tún, ó wá etí ibi tí kò rí, ó rọra fi gègé tẹ̀ lé e, bí ẹni ń rìn yí kànga ká.

Dókítà ní kó má ṣe é. Ó kọ orúkọ dókítà mọ́ ti àwọn tí kò tíì dárí jì.

19.

ALÁRÓ (lórí fóònù): Bàbá, àwòrán ti wọlé. Ihò kan wà láàrin ìlú. Ẹ fi ilà yí i ká.

AYÀWÒRÁN: Má dí i.

ALÁRÓ: Mi ò ní dí i, sà. Kí ló wà nínú rẹ̀?

AYÀWÒRÁN: Èmi náà fẹ́ mọ̀. Kó tó di ọjọ́ Ajé.

ALÁRÓ: Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé?

AYÀWÒRÁN: Kùn ún ná.

ALÁRÓ: Àwọ̀ wo? Dúdú?

AYÀWÒRÁN: Kì í ṣe dúdú. Kì í ṣe funfun. Tí mo bá gbé e sórí aṣọ pupa, á pupa. Tí mo bá gbé e sára ògiri, á di ògiri. Aṣọ aládùúgbò rẹ̀ ló máa ń jí wọ̀.

(Aláró ń kọ̀wé)

(Aláró dáwọ́ dúró)

(Aláró ń kọ̀wé)

ALÁRÓ: Bàbá, ojú wo ni?

AYÀWÒRÁN: Òsì.

ALÁRÓ: Ṣé bàbá mi ti gbọ́?

AYÀWÒRÁN: Kò kan bàbá rẹ. Ṣe iṣẹ́ rẹ.

ALÁRÓ: Mo ń kùn ún, sà. Mi ò rí irú àwọ̀ yẹn níbí. Ẹ jẹ́ kí n wá a.

20.

Ó ń wá a.

21.

Fóònù dún lórí tábìlì. Ìyàwó ní, “Ẹ ò ní wò ó ni?”

Ó gbé fóònù. Àwòrán náà ti dé, ó kù kí ó ṣí i.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan. Ó gbé e kúrò. Ó fi bo èkejì. Kò tíì mọ èyí tó fẹ́ kó kọ́kọ́ rí i.