Ẹnu Wà, Imú Kò Sí

Ká má purọ́, mọ́tò Dókítà lẹ́wà. Inú páálí ló ti dé, lẹ́yọ lẹ́yọ, pẹ̀lú ìwé kan tó ní ẹni tó bá ní sùúrù lè tò ó fúnra rẹ̀. Dókítà eyín lọkùnrin tó ni ín, ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ẹni jẹ́jẹ́ yìí ló sì lọ wá ẹ́ńjìnnì tó ní agbára irínwó ẹṣin, tó ní kí wọ́n gbé e sẹ́yìn àga awakọ̀, níwájú táyà ẹ̀yìn. Irínwó ẹṣin! Ẹni tó bá sin ẹyọ méjì péré mọ̀ pé omi tí wọ́n ń mu kì í ṣe kékeré.

Ọ̀rọ̀ omi yẹn ló kan ọmọ Onípáànù. Obìnrin ni, redietọ̀ tó ń mú omi ẹ́ńjìnnì tutù ló ń ṣe, ọdún mọ́kànlá rèé tó ti ń ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà tí bàbá rẹ̀ ti ń lu páànù ara mọ́tò. Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, òun wà lẹ́bàá ògiri, nídìí agbada omi tó fi ń wá ibi tó ń jò. Nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, tí atẹ́gùn sì ń bọ̀ láti iwájú, ó gbé redietọ̀ sí ẹnu mọ́tò, ó fa páìpù méjì tó tó ọrùn ọwọ́ gba abẹ́ àga lọ sẹ́yìn. Fáànù méjì ló dè mọ́ ọn. Ó wá fọ́nnu fún Dókítà lójú gbogbo ṣọ́ọ̀bù pé, "Ẹ gun òkè tó bá wù yín, sà. Kò ní hó."

Ó hó. Wọn ò tí ì dé ìdajì òkè tí èéfín fi bo gíláàsì. Obìnrin náà padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó yọ afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù, ó ṣe redietọ̀ tuntun tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tún hó.

Dókítà nu gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ má bínú. Sátidé ni màá gun òkè náà kẹ́yìn. Tó bá tún hó, màá ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ ó wá bá mi yọ tiyín." Ohùn tó fi sọ ọ́ ni ohùn tó fi ń sọ fáwọn èèyàn pé kò ní dùn wọ́n.

Ó dun obìnrin náà wọra. Láti ọdún mọ́kànlá, ẹnikẹ́ni ò tí ì yọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lára mọ́tò rí.

"Tún fi kún un," ni bàbá rẹ̀ wí. "Jẹ́ kó tún nípọn sí i." Ohun tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń sọ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti fi kún un lẹ́ẹ̀mejì, ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà sì ju eje lọ. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, ó tan fáànù, ó mú bébà kan, ó gbé e síwájú redietọ̀. Fáànù fà á, bébà lẹ̀ mọ́ ọn gbágbá! Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Bébà gbọ̀n, ó jábọ́. Ó ṣí i, ó lẹ̀. Ó pa á dé, ó jábọ́. Ó wá yé e pé redietọ̀ kọ́ ló jẹ̀bi, bọ́nẹ́ẹ̀tì ni.

Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn. Oṣù mẹ́rin ni bàbá fi lù ú láti ara páànù pẹrẹsẹ, ó sì ti sọ pé ìyẹn lòun máa lù kẹ́yìn, nítorí ojú òun ò ríran tó tẹ́lẹ̀ mọ́. Kò sí ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀, kò sí ihò, ó ń dán bí ẹyin tí wọ́n bó. Àwọn oníṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù mìíràn ń wá fọwọ́ kàn án. Bàbá ti tún fi páànù dí ìsàlẹ̀ kí eruku má bàa wọlé. Atẹ́gùn tó bá ti wọ ẹnu mọ́tò, ibẹ̀ ló ń jókòó sí, kò ríbi lọ.

Obìnrin náà lè panu mọ́ o. Ó rò ó, mi ò ní purọ́ gbè é. Ṣùgbọ́n bàbá ti rí bébà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lò ń fi ìyẹn ṣe?"

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ fún mọ́tò yìí lẹ́nu, ẹ ò fún un nímú."

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Atẹ́gùn wọlé, kò ríbi jáde." Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn ibi tí redietọ̀ wà.

Bàbá wo ìlà náà títí. "Ṣé o mọ iye òòlù tí mo lù síbẹ̀ yẹn?"

"Mo mọ̀, sà. Etí mi ló gbà á."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó gba bébà, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pa á dé fúnra rẹ̀. Bébà jábọ́. Ó tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó mí kanlẹ̀.

"Gbé ayùn irin wá. Ìwọ kọ́ lo máa gé e. Ohun tí ọwọ́ mi dí, ọwọ́ mi náà ni yóò ṣí i."

Títí di ọ̀sán Ẹtì ni wọ́n jọ wà nídìí rẹ̀. Ọmọ ní kí etí iwájú ihò náà ga sókè, kí ti ẹ̀yìn rẹlẹ̀, kí atẹ́gùn òkè lè máa fa ooru jáde. Bàbá ní kì í ṣe báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n jiyàn, ó sì ṣe é bí ọmọ ṣe wí.

Ní Sátidé, Dókítà ń wa mọ́tò, obìnrin náà jókòó tì í. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gun òkè náà. Dókítà ń wo ọ̀nà, òun ń wo abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí omi ṣe gbóná tó. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó dé àárín, ó dúró síbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, Dókítà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé ẹ̀yìn wọn lẹ̀ mọ́ àga. Abẹ́rẹ́ ò mira. Orí obìnrin náà wú.

Lórí òkè, bàbá rẹ̀ àti àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ti ń dúró, àwọn tó ń kọjá sì ti pé jọ. Bàbá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí ihò náà, ooru ń tú jáde. Ọlọ́kadà kan mi orí.

"Bàbá, páànù tó dán báyìí, ta ló wá ní kí wọ́n dá ihò sí i?"

"Ọmọ mi ni," ni bàbá wí, kò jẹ́ kí Dókítà lanu. "Ogójì ọdún ni mo ti ń lu páànù, mi ò rí ohun tó rí." Ó yíjú sí ọ̀dọ̀ obìnrin náà, ó gbóhùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ọ̀gá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀, ẹ wá ṣàlàyé fún wọn."

Obìnrin náà wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tí bàbá òun ń fi "ẹ" pè. Kò sí ẹnì kankan.