Ta Ló Ń Jẹ́ Rájí?

Kò sẹ́ni tó lè lé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Mo ti sọ ọ́ fún Abdullateef, àbúrò ọkọ mi, látọjọ́ tá a ti ṣe fìdáù Rájí ọkọ mi tó kú, àmọ́ kì í gbọ́ràn. Èmi àti Rájí la jọ dá ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé yìí sílẹ̀ ní àdúgbò Muchia lápá àríwá, ibẹ̀ ni mo sì ti ń bọ́ àwọn ọmọ wa.

Okùn nẹ́tíwọ̀kì kan náà ló so kọ̀ǹpútà wa pọ̀ mọ́ tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé lókè ilé náà. Kò sí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀gá lórí okùn náà. Kọ̀ǹpútà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn á kọ́kọ́ bi gbogbo àwọn yòókù bóyá ẹnì kan ti ń jẹ́ orúkọ tóun fẹ́ jẹ́. Bí ẹnì kan bá ti ń jẹ́ ẹ, á wá òmíràn. Ọkọ mi ló sọ tiwa ní Rájí, orúkọ yẹn sì làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí.

Lọ́dún 2007, Abdullateef gba yàrá ẹ̀gbẹ́ mi, ó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó so kọ̀ǹpútà tiẹ̀ mọ́ okùn náà, ó sì sọ ọ́ ní Rájí pẹ̀lú. Tèmi dáhùn pé òun wà níbẹ̀, ni tiẹ̀ bá di Rájí-2. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí n pa tèmi, pé orúkọ ìdílé àwọn ni. Mi ò pa á.

“Ọkọ mi, ẹ má bínú,” ni mo sọ. Ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, NEPA mú iná lọ. Kí jẹnẹrétọ̀ kékeré tèmi tó dún, ti Abdullateef ti dún, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti di Rájí. Iṣẹ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń wò mí.

Mo pa orúkọ ọkọ mi rẹ́. Ó dùn mí wọra. Mo tẹ orúkọ tèmi, Hàwáù, sí i. Kọ̀ǹpútà mi bèèrè yíká, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo bọ́ síta, mo ké sáwọn akẹ́kọ̀ọ́ lókè pé Hàwáù ni kí wọ́n máa wá báyìí, ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tẹ́lẹ̀ náà ni.

“Haba, ìyàwó. Ta ló fún ẹ láṣẹ?”

“Abdullateef,” mo pè é. Ẹnu yà á. “Kọ̀ǹpútà mi bi gbogbo ilé. Tìrẹ náà gbọ́. Kò sọ pé òun ni.”

Kó tó lanu, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi ti ń tu bébà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde.