Ọjọ́ Tí Àbíkẹ́yìn Kọ́kọ́ Mú Ìwé

Àlá kan ni mo fẹ́ rọ́ fún yín, ẹ fara balẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo lá a. Ìbídùnní Adélàgún ló lá a, lọ́sàn-án gangan, lórí ibùsùn tí ìwé kún, ṣùgbọ́n ó ti rọ́ ọ fún mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ ibi tí àga wà nínú àlá náà jù ú lọ. Àwọn kan ní àlá ọ̀sán kì í ní ìtumọ̀. N kò bá wọn jiyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó lá èyí gbé ìṣòro lọ sójú oorun, kò sì gbé e bọ̀. Bí ìyẹn kì í bá ṣe ìtumọ̀, a jẹ́ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìṣòro ọ̀hún. Ìbídùnní ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan nílùú Ìbàdàn bí a ṣe ń gbé àríyànjiyàn kalẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì múlẹ̀. Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ tó díjú síwájú rẹ̀, yóò tú u palẹ̀ bí ẹni ń tú òwú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé nǹkan méjì síwájú rẹ̀ pé kó mú ọ̀kan, ó parí. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ méje. Nílé bàbá rẹ̀, bí àwo ẹran bá délẹ̀, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Yóò máa bọ̀ láti orí àkọ́bí títí tí yóò fi kàn án, èyí tó bá kù nínú àwo ni tirẹ̀. Èyí tó kù ló jẹ, èyí tó kù ló wọ̀, ibi tó kù lórí ẹní ló sùn sí, kò sì ráhùn rí. Ẹni tó ń jẹ èyí tó kù kì í yàn; ẹni tí kì í yàn kì í ṣì yàn.

Àfi ìgbà tí Fọlárìn ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n lọ sinmi ní Ìkọ̀gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Ìyẹn jẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ìbídùnní ní òun kò lè lọ sinmi láìmú ìwé dání, òótọ́ sì ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yan ìwé. Ó gbé ọ̀kan wọ̀n mọ́ èkejì títí tí dẹ́rẹ́bà fi sùn lọ nínú mọ́tò, títí tí òjò fi dé, tí wọ́n fi ní kó di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀túnla, iṣẹ́ sì pè wọ́n padà kí ó tó yàn tán. Nítorí náà, lọ́dún yìí, Fọlárìn kò jà. Ó ń so okùn bàtà rẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀.

“Ìyá Tóyọ̀sí, aago mẹ́rin ni mọ́tò ń gbéra. Bí o bá ti yan ìwé, a jọ ń lọ nìyẹn. Bí o kò bá tíì yàn, màá bá ọ kí omi méjèèjì.”

Ìbídùnní mọ ọkọ rẹ̀. Bí ó bá ń pariwo, ọ̀rọ̀ ṣì wà lórí awọ. Bí ó bá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó ti dé eegun.

Ìwé márùn-ún ló wà lórí ibùsùn. Mẹ́ta jẹ́ ìtàn àròsọ. Méjì jẹ́ ìwé atọ́nà, irú èyí tó ń júwe ọ̀nà àti òkè àti ilé oúnjẹ fún arìnrìn-àjò. Ìbídùnní rò ó báyìí pé: ta ni yóò lọ jókòó létí omi, tí yóò tún máa ka ìtàn ìlú mìíràn? Ìwé atọ́nà ló yẹ. Ṣùgbọ́n bí omi bá wà níwájú ẹni, kí lẹnìkan tún ń ka àpèjúwe omi sí? Ìtàn àròsọ ló yẹ. Ẹsẹ̀ àríyànjiyàn méjèèjì múlẹ̀, kò sì sí èyí tó fẹ́ yẹ̀ fún èkejì. Ó gbé orí lé àwọn ìwé náà díẹ̀, bóyá wọn yóò bá ara wọn yanjú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àlá ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìwé náà dìde lábẹ́ orí rẹ̀, wọ́n gbọn ara wọn, wọ́n sì tò sí etí ibùsùn bí àwọn òbí ìyàwó. Kò ya Ìbídùnní lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo tó dùn ún ni pé kò sí omi tútù nílé tí òun yóò fi ṣe wọ́n lálejò. Ìwé atọ́nà kan tó sanra, tí èèpo rẹ̀ ń dán bí ẹ̀kọ tútù, ló gba ẹnu gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Ó ní kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́ lórí yíyàn, nítorí ọmọdé kì í yan àgbà. Àwọn ni yóò yàn án. Kí ó ṣáà kí wọn ná.

Èyí tu Ìbídùnní lára gidigidi. Ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ èyí tó sanra náà, nítorí ó fi ẹran ara wé ọjọ́ orí. Ni ìtàn àròsọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò léèpo mọ́ bá wúkọ́. Eruku jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta lo kọ́kọ́ kí? Wọ́n ti tẹ̀ mí jáde kí wọ́n tó la ọ̀nà tí eléyìí ń júwe.”

“Irọ́ kọ́,” ni ìwé atọ́nà wí. “Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n rà ọ́ wọlé, èmi ni mo sún fún ọ lórí pẹpẹ. Ṣé ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń jẹ ìyálé ni?”

Ìbídùnní gbà pé ọ̀rọ̀ náà lágbára. Òun náà ṣe ìyàwó wọ agbo ilé, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti wọlé ṣáájú ni àgbà ẹni. Títí di òní, àbúrò Fọlárìn kan wà tí òun fi ọdún púpọ̀ jù lọ, síbẹ̀ “ọkọ mi” ni òun ń pè é, nítorí inú ilé ni òun bá a. Ṣùgbọ́n ṣé òfin ìyàwó ilé mú ìwé? Ó ní ọ̀rọ̀ náà ní apá mẹ́ta, òun kò sì lè dá a ṣe lórí ìkúnlẹ̀. Gbogbo wọn fẹnu kò pé kí àwọn gbé e lọ sí Ọ́fíìsì Ipò Àgbà Láàárín Ìwé.

Ọ́fíìsì náà kò jìnnà. Ó léfòó lókè igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì fi ìborùn so ó mọ́ ẹ̀ka kí ọyẹ́ má baà gbé e lọ. Ìborùn Ìbídùnní ni. Ó ti ń wá a láti bí oṣù mélòó kan. Àtẹ̀gùn ti lọ jẹun ọ̀sán, nítorí náà ìtàn tẹ́ẹ́rẹ́ ya gbólóhùn gígùn kan kalẹ̀ láti inú ara rẹ̀, wọ́n sì pọ́n ọn bí àkàsọ̀. Ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sinmi níbi gbogbo tí àmì ìdánudúró bá wà.

Nínú lọ́hùn-ún, ọkùnrin kan tó dé fìlà, tó wọ awò ojú, jókòó sídìí tábìlì. Ìbídùnní fẹ́ jókòó sórí àga tó kọjú sí i, ṣùgbọ́n àga náà bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, òun wà lẹ́nu ìsinmi. Ìbídùnní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àga, ó sì dúró rojọ́.

Ó gbé apá kìíní kalẹ̀. Ọ̀gá náà mirí, irùngbọ̀n sì hù ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó gbé apá kejì kalẹ̀. Ọ̀gá tún mirí, etí méjì sì yọ lábẹ́ fìlà, wọ́n wó sísàlẹ̀. Kí apá kẹta tó parí, ọ̀gá ti di òbúkọ pátápátá, òórùn rẹ̀ sì gba yàrá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé awò ojú rẹ̀ kò yẹ̀. Ìbídùnní rò ó pé kò ní bójú mu láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó kàn gbé ohùn sókè díẹ̀ nítorí etí tó wó.

“Dókítà,” ni òbúkọ wí, “àlàyé yín gún régé. Nínú yàrá yìí, ta ló dàgbà jù?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Ta ló sì ń kọ́kọ́ mú?”

“Àgbà ni, sà.”

“Ó tán.”

Ó fa ìwé atọ́nà tó sanra náà mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti ibi àwòrán ọ̀nà. Ó jẹ Ìbàdàn tán, ó jẹ Ifẹ̀, nígbà tó kan Iléṣà, ó rọra ń rún un. Ìwé náà kò sì dákẹ́. Láti ẹnu òbúkọ ló ti ń wí pé kí wọ́n yà sọ́wọ́ òsì, kí wọ́n sì ṣọ́ra fún gegele.

Ìgbà náà ni ìró fèrè mọ́tò dún nísàlẹ̀. Ìbídùnní sáré dé ojú fèrèsé. Fọlárìn ti wà nínú mọ́tò, mọ́tò náà kò sì tóbi ju ìgbín lọ mọ́, nítorí ìborùn ti tú, ọ́fíìsì ti ń fò lọ. Àyà Ìbídùnní já fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí àlá ti bẹ̀rẹ̀. Ó rí i pé ti èṣí ló tún fẹ́ ṣẹlẹ̀, àti pé lọ́tẹ̀ yìí ọkọ òun yóò dá nìkan jókòó láàárín omi méjì, òun yóò sì wà lókè níbí, pẹ̀lú àríyànjiyàn tó gún régé. Ó bi òbúkọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

“Ẹni tó bá ti mú ló ń sọ̀. Ẹ mú.”

“Ẹ̀yin ni àgbà, sà. Ẹ tún kọ́kọ́ mú.”

“Mo ti yó.”

Ìbídùnní kò bá irú èyí pàdé rí láyé: àgbà tó ti yó. Ni tábìlì bá tẹ́ sílẹ̀, ó di ẹní ilé bàbá rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó yí àwo ńlá kan ká, àwọn ìwé mẹ́rin tó kù sì wà nínú ọbẹ̀, wọ́n yọrí bí ògúfe. Kò sí ẹni tó na ọwọ́. Ìbídùnní káwọ́ gbera, ó ń retí Bùọ̀dá Láoyè, àkọ́bí wọn. Bùọ̀dá Láoyè ń retí Ìbídùnní.

“Ẹ mú, ẹ̀gbọ́n mi,” ni ó wí.

“Ìwọ là ń dúró dè. Ọbẹ̀ ti ń tutù.”

“Ẹ̀yin ni àgbà.”

“Mo mọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ ni mo ti ń gbọ́ ọ.” Bùọ̀dá Láoyè fi ọwọ́ nu ojú. “Ṣé o rò pé ó rọrùn ni, kí ojú èèyàn mẹ́fà lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ẹni? N kò mọ èyí tó dára jù rí, Ìbídùn. Mo kàn ń mú ni.”

Ìbídùnní wò ó. Ó wo àwo. Ó wá apá kìíní nínú ọ̀rọ̀ náà, kò rí i; apá kejì kò sì sí níbẹ̀. Ó na ọwọ́ ṣáájú àgbà mẹ́fà, ó sì fa ìtàn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò léèpo jáde nínú ọbẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò sí ẹni tó gbá a lọ́wọ́, òrùlé kò wó. Àǹtí Wúrà, tó tẹ̀lé àkọ́bí, nìkan ló sọ̀rọ̀, ó ní kó gbọn ọbẹ̀ rẹ̀ dànù kó má baà ta sí i láṣọ.

“Kí n má tàn ọ́,” ni ìwé náà wí jẹ́jẹ́, “n kò dùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin o. Àárín mi ló dùn.”

“Kò burú,” ni Ìbídùnní dáhùn.

Ọ́fíìsì sì rọra bà sílẹ̀, bí àgbébọ̀ tó ń padà sórí ẹyin rẹ̀.

Nígbà tó lajú, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Aago mẹ́rin kò tíì lù. Fọlárìn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ bàtà, àwo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì lọ. Ìbídùnní jókòó sórí ibùsùn, ó mí kanlẹ̀, ó sì ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé.

Fọlárìn ní kó fi nǹkan sẹ́nu kí wọ́n tó gbéra. Ẹran méjì ló kù nínú àwo, ọ̀kan tóbi, èkejì kò tó nǹkan. Ó gbé e síwájú rẹ̀, ó sì na ọwọ́ tirẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Ọwọ́ náà dúró ní agbedeméjì, nítorí Ìbídùnní ti mú èyí tó tóbi.

“Ẹran kí nìyí?” ni ó bèèrè.

“Òbúkọ ni.”

Ìbídùnní gbé e sókè, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, bóyá ẹran náà ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó bù ú jẹ, ó sì fi ọwọ́ kejì fa ìtàn tẹ́ẹ́rẹ́ yọ láàárín àwọn ìwé yòókù, ó jù ú sínú báàgì.

Fọlárìn wo ìyàwó rẹ̀, ó wo báàgì.

“Ìwé atọ́nà wá ńkọ́?”

“Dẹ́rẹ́bà mọ ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Bàbá Tóyọ̀sí.”

Fọlárìn, àkọ́bí ilé wọn, bojú wo àwo, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú èyí tó kù.