Ọjọ́ Kẹta Òní

Inú bí mi, kí n má purọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ka ìròyìn ní èdè wa lórí rédíò kékeré kan ní Bantè, kò sẹ́ni tó rí nǹkan wí sí iṣẹ́ mi rí. Àfi ìyá kan ní Agoua, Rafiatou lorúkọ rẹ̀, tó pe ọ̀gá wa nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, tó ní mo parọ́ fún odindi abúlé.

Irọ́ wo? Ọjọ́ Ajé ni àwọn elétò ìlera kọ̀wé sí wa lédè Faransé pé kí àwọn ìyá ní Agoua gbé ọmọ wọn wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára « dans trois jours », ìyẹn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí ọjọ́ kẹta òní. Àwọn ará Agoua ka òní mọ́ ọn, bí àwọn baba wa ti ń kà á: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú. Wọ́n pa oko tì ní Ọjọ́rú, wọ́n jókòó sínú oòrùn títí ọjọ́ fi rọ̀. Faransé kì í ka òní ní tirẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn alábẹ́rẹ́ dé, gbogbo ìyá ọmọ ti wà lóko.

Ọ̀gá Célestin pè mí níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

"Moufida, ìyá yẹn á pè lọ́la, nínú ètò àwọn olùgbọ́. Ìwọ lo máa dá a lóhùn. Tó o bá gbéraga sí i, Jémima ni yóò máa ka ìròyìn láti ọjọ́ Ajé."

Jémima, tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́, ń wo ilẹ̀.

"Ọ̀gá, ohun tí wọ́n kọ ni mo kà."

"Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀," ló wí, ó sì jáde.

Mo lọ kọ èsì mi sílẹ̀, ojú ìwé méjì gbáko. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí ọjọ́ kò bá yé, ẹnu ló yẹ kó fi bèèrè. Ó dùn mọ́ mi gan-an nígbà tí mo tún un kà.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, iná pupa tàn lókè ilẹ̀kùn: a ti wà lórí afẹ́fẹ́. Ọ̀gá Célestin àti Jémima dúró lẹ́yìn gíláàsì. Fóònù dún.

"Ṣé ìwọ ni Moufida?"

"Èmi ni, ìyá mi. Ẹ kú ọ̀sán." Mo tẹ́ ìwé mi síwájú.

"Ọmọ mi, mi ò pè láti bú ọ. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni mo pọ̀n báyìí. Ọjọ́ wo ni wọ́n á padà wá?"

Mo wo ìwé mi. Nínú ojú ìwé méjèèjì, kò sí ọjọ́ kankan. Láti àná ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa jàre, kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn láti pe àwọn alábẹ́rẹ́. Ojú tì mí. Ọ̀gá Célestin gbé ọwọ́ sókè pé kí Jémima wọlé wá gba ipò mi, Jémima sì ti di ilẹ̀kùn mú.

"Mi ò mọ̀," ni mo wí. "Èmi ni mo ṣi ọjọ́ kà fún yín, ìyá mi. Ẹ dúró, ẹ má pa fóònù."

Mo fi fóònù tèmi pe Kabirou, olórí àwọn alábẹ́rẹ́, létí gbogbo ìlú. Ó pẹ́ kó tó gbé e.

"Mardi," ló ní, ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. "Dans quatre jours."

Ọjọ́ kẹrin ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká jọ kà á. Òní Jímọ̀, ọ̀kan."

"Àbámẹ́ta, èjì."

"Àìkú, ẹ̀ta."

"Ajé, ẹ̀rin. Ìṣẹ́gun, àrún," ló wí. "Ọjọ́ karùn-ún òní nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Kò dúpẹ́. Lẹ́yìn gíláàsì, ọ̀gá ti sọ ọwọ́ kalẹ̀, Jémima sì ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀.

"Tí wọn ò bá wá ńkọ́?" ni ìyá náà bèèrè. "Ta la máa wá bá?"

Mo lè dárúkọ Kabirou. Mo lè dárúkọ ọ̀gá.

"Èmi ni kẹ́ ẹ wá bá. Tẹ́ ẹ bá dé Bantè, ẹ bèèrè ilé Fataou télọ̀. Bàbá mi ni."